Òkété àti Odò Tí Àwọn Ọmọ Ìsinsìnyí Kò Lè Fò

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Mo ní ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun. Bí ọmọ tó yó ṣe ń dáhùn nìyẹn. Ẹ sún mọ́ mi. Ṣíjúadé, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi. Àlọ́ tèmi sáré, ó sáré, ó fo ebè, ó fo pòpórò àgbàdo, kò balẹ̀ sórí ẹlòmíràn, orí Òkété ló balẹ̀ sí, Òkété ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ ńlá.

Ní ìgbà kan, àwọn ẹranko ní ìlú tiwọn. Odò kan ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá, Ayẹrí ni wọ́n ń pè é. Òdìkejì odò yìí ni ilẹ̀ tó dára wà. Ilẹ̀ dúdú ni. Bí o bá ju kóró àgbàdo sí i, kí o tó yíjú padà, ó ti hù. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ti jí ló ń dáko níbẹ̀. Rárá o. Bí àgbàdo tuntun bá dé, gbogbo ìlú á péjọ sí bèbè odò, àwọn ọ̀dọ́ á sì máa fò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fò ó kọjá ti di àgbà nìyẹn. Wọ́n á fún un nílẹ̀. Ó lè kọ́lé, ó lè fẹ́yàwó, ó lè lọ́kọ. Ẹni tó bá já sómi, ọmọdé ṣì ni. Bó wù ú kó ga ju bàbá rẹ̀ lọ, ọmọdé ni. Igbá kékeré ni wọ́n á fi bu oúnjẹ fún un, á sì padà sí oko bàbá rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹni tó bá fò ó kọjá ńkọ́?

Ó ti dàgbà!

Ẹni tó bá já sómi?

Ọmọdé ni!

Ó dára. Láyé àwọn ìyá ńlá wọn, wọ́n ń fo odò yìí bí ẹní ń fo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í já sómi. Nígbà tó tún yá, àwọn tó ń já pọ̀ ju àwọn tó ń kọjá lọ. Ó wá di ọdún kan, ẹyọ ẹnì kan kò kọjá. Ehoro já. Ìgalà já. Ọ̀yà já, ó rì wọlẹ̀, ìgbà tí yóò fi jáde, ó ti gbé ẹja kan bọ̀ lẹ́nu.

Àwọn àgbà bá ń mi orí.

"Ayé ti bàjẹ́."

"Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti di ẹ̀kọ tútù."

"Oorun ni! Oorun ti pọ̀ jù lójú wọn!"

Kò sí àgbà tí kò ní tirẹ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ta lẹnu rẹ̀ ròkè jù? Òkété ni.

Òkété ni alábòójútó ibi ìfò. Bèbè odò níbẹ̀ gan-an nilé rẹ̀ wà. Òun ló ń pa koríko ibẹ̀, òun ló ń pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́, òun ló ń kígbe pé "Ó kọjá!" tàbí "Ó já!" Bí gbogbo ìlú bá ti péjọ báyìí, Òkété á na ìrù rẹ̀ gbọọrọ, á fọwọ́ pa irun imú rẹ̀, á dá orin. Ẹ bá mi gbè é o. "Àgbà fò, àgbà fò" ni kí ẹ máa wí.

Ta ló fò ó nígbà tiwa?
*Àgbà fò, àgbà fò!*
Omi ò kàn mí nírù rárá.
*Àgbà fò, àgbà fò!*
Eruku ni mo fi balẹ̀ gbì.
*Àgbà fò, àgbà fò!*
Ọmọ ìsinsìnyí ń rì bí òkò.
*Àgbà fò, àgbà fò!*

Orin náà dùn, àbí kò dùn? Ó dùn létí àwọn àgbà gan-an. Àwọn tí kò fo nǹkan kan rí láyé wọn pàápàá ń mi èjìká sí i.

Ní ọdún tí ẹnikẹ́ni kò kọjá yẹn, Òkété gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Ẹfọ̀n ni Baálẹ̀ ìlú náà, oníwo ńlá, onísùúrù.

"Baálẹ̀, ẹ̀mí yín á gùn o. Mo ti ro ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí síwá sẹ́yìn. Ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó já sómi máa ru ẹyìn wá sílé mi títí ọdún á fi yí po. Ẹrù ní í mú ẹsẹ̀ le."

Baálẹ̀ wò ó. "Òkété, ẹsẹ̀ wọn lò ń tọ́jú ni, àbí ẹnu rẹ?"

"Háà, Baálẹ̀! Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ ìlú ló ń jẹ mí lọ́kàn."

Baálẹ̀ ronú díẹ̀, ó ní kò burú. Bí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹyìn nìyẹn. Òkété á jókòó sẹ́nu ihò, á máa fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó o wọlé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Bó bá ti sọ èyí kalẹ̀, á tún jáde. "Èyí nìkan lẹ rù wá? Nígbà tiwa, ọmọ ọwọ́ rù jù báyìí lọ!"

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ará ìlú kò mọ̀ fún yín. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o.

Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí oòrùn mú ganrínganrín, tí gbogbo ẹranko ti sùn sábẹ́ igi, Òkété á wọ inú ihò rẹ̀ lọ. Á máa gbẹ́ ilẹ̀ abẹ́ bèbè odò, wúkú-wúkú, wúkú-wúkú. Á ti erùpẹ̀ sómi. Omi á gbé e lọ. Bèbè á ya díẹ̀. Lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀, odò Ayẹrí ń fẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó fura, torí ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́, ojú kì í wò ó mọ́.

Ṣíjúadé ní kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. O ṣeun, ọmọ mi. Kò kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀. Ilé ló ń gbẹ́, bí gbogbo òkété ṣe ń gbẹ́lé. Ìgbà tó rí i pé bèbè ń ya, tí àwọn ọmọ sì ń já sómi, ni ọgbọ́n burúkú wọ inú rẹ̀. Bí àwọn ọmọ bá ń kọjá, ta ni yóò máa ru ẹyìn? Bí wọ́n bá sì ń fò, ta ni yóò tún gbọ́ orin "àgbà fò"?

Nínú àwọn tó ń ru ẹyìn yìí ni ọmọbìnrin kan wà, ọmọ Ẹtu ni, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ìran afò ni ìran Ẹtu. Ìyá bàbá rẹ̀ fo Ayẹrí, bàbá rẹ̀ fò ó. Àwẹ̀ró ló wá já. Lọ́jọ́ tó já yẹn, bàbá rẹ̀ kò dúró kó jáde nínú omi. Ó kẹ̀yìn sí odò, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Àwẹ̀ró bá kúnlẹ̀ láàárọ̀ tó ní, "Bàbá mi, ẹ káàárọ̀," bàbá á dáhùn o, ṣùgbọ́n ògiri ni yóò máa wò. Èyí dun Àwẹ̀ró ju ẹrù ẹyìn lọ.

Kí ló wá ṣe? Ó sunkún. N kò ní parọ́ fún yín, ó sunkún. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fífò. Bó bá ti ń ti oko ẹyìn bọ̀, á fo kùkùté. Á fo igi tó wó. Ó fo ebè kan, ó fo ebè méjì pọ̀, ó fo ebè débi pé Ehoro ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òun kò kà á mọ́, ó ti rẹ òun. Ẹrù tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ẹ́ ti sọ itan rẹ̀ di irin.

Òkété rí i.

"Yéè! Èyí á kọjá lọ́dún yìí o!"

Ló bá tún tẹra mọ́ṣẹ́. Wúkú-wúkú, wúkú-wúkú. Ó gbẹ́ ẹ débi pé abẹ́ bèbè di gbọ̀ngàn. Ẹyìn tó kó jọ ló rọ́ sínú gbọ̀ngàn náà títí ó fi kan àjà. Ilẹ̀ tó kù lókè fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Nígbà tí ọjọ́ ìfò ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Àwẹ̀ró, pè é. Orúnkún ti dá ìyá yìí jókòó sílé tipẹ́tipẹ́, kò dé odò mọ́.

"Àwẹ̀ró, mú mi lọ sódò. Mo fẹ́ ki ẹsẹ̀ mi bọ omi Ayẹrí lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ."

"Ìyá, ẹ ò níí lọ ibì kankan."

"Mo mọ̀. Ṣáà mú mi lọ."

Àwẹ̀ró fi èjìká gbé ìyá ró, wọ́n ń lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi. Ìgbà tí wọ́n dé bèbè, Ìyá Àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Odò wo lo mú mi wá yìí?"

"Ayẹrí ni, Ìyá."

"Ayẹrí kẹ̀? Òkúta wa dà? Òkúta pẹlẹbẹ kan tí etí rẹ̀ kan kán. Òun la fi ń tasẹ̀ ká tó fò."

Àwẹ̀ró wá a lórí bèbè, kò rí i. Ó gbójú sókè, ó rí i.

"Ìyá, ṣé kì í ṣe èyí tí lékèélékèé bà lé lọ́hùn-ún yẹn? Àárín odò ló wà."

Ìyá Àgbà la ojú, ó wò ó títí. Etí òkúta náà kan kán lóòótọ́.

"Òun ni. Etí bèbè gan-an ló wà nígbà tiwa. Orí ilẹ̀ gbígbẹ." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Ọmọ mi, n kò fo èyí rí o! Bí wọ́n bá ní kí n fo eléyìí lọ́jọ́ náà, ǹ bá padà sílé lọ ro ọkà jẹ."

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ìyá, Bàbá mi ò wojú mi mọ́."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ìyá. "A ó jọ wá síbí lọ́jọ́ ìfò. Orúnkún mi ló rọ, ẹnu mi kò rọ."

Ọjọ́ ìfò pé. Gbogbo ìlú dé. Òkété na ìrù, ó dá orin, àwọn àgbà gbè é. Ó pe Ehoro. Ehoro sáré, ó fò, jàbùú! "Ó já!" Ó pe Ìgalà. Jàbùú! "Ó já!" Ó pe Ọ̀yà. Jàbùú! Lọ́dún yìí, Ọ̀yà kò tilẹ̀ rí ẹja mú. Bí wọ́n ṣe ń tasẹ̀, ilẹ̀ ń sán díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ koríko, kò sẹ́ni tó rí i.

"Àwẹ̀ró ọmọ Ẹtu!"

Àwẹ̀ró bọ́ síwájú. Kó tó sáré, Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ sókè.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wo òkúta àárín odò yẹn. Ibẹ̀ la ti ń gbéra nígbà tiwa."

Òkété rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ogbó ló dé. Òkúta kì í rìn."

"Òkúta kò rìn. Ilẹ̀ ló rìn."

Ariwo sọ. Bàbá Àwẹ̀ró rọra rìn dé etí omi. Ó wo òkúta náà, ó yí orí síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́ tí kò mọ̀ pé ó ṣì wà láyé.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Orí rẹ̀ ni èmi náà ti fò."

Òkété rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń fì sí ibi tí kò fẹ́. Ó yẹ kó dákẹ́, àbí? Ṣé ó dákẹ́?

Kò dákẹ́!

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbéra lórí òkúta! Ìfò ọmọdé! Èmi Òkété, ẹ̀yìn ọ̀pẹ ọ̀hún yẹn ni mo ti gbéra. Mo fo odò, mo fo etí oko, àárín ilẹ̀ dúdú ni mo balẹ̀ sí!"

Baálẹ̀ ní, "Ta ló wà níbẹ̀?"

"Gbogbo wọn ti kú, Baálẹ̀."

Àwọn ọ̀dọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Baálẹ̀ mi ìwo rẹ̀. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Àgbà ti dé, a ò ní kí o fò. Ṣáà bọ́ sí etí bèbè, kí o fi bí ẹ ṣe ń tasẹ̀ nígbà náà han àwọn ọmọ."

Yéè! Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó gbẹ́ ihò mọ ibi tí ihò wà o. Òkété gbé ẹsẹ̀ kan, jẹ́jẹ́. Ó gbé èkejì, jẹ́jẹ́.

"Kí ló dé tí o ń rìn bí ẹní ń rìn lórí ẹyin?"

"Ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún odò, Baálẹ̀."

Ehoro, aláwàdà, ló bá dá orin Òkété fún un. "Ta ló fò ó nígbà tiwa?" Àwọn ọ̀dọ́ gbè é, àwọn àgbà gbè é, gbogbo ìlú ń gbè é. *Àgbà fò, àgbà fò!* Orin náà wọ Òkété lára. Orí rẹ̀ wú. Ó gbàgbé ilẹ̀ tó dúró lé. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, gbì! Kò sí nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fò sókè, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, gbì!

Gbàrà-gàdà!

Bèbè wó. Òkété bá a lọ. Gbọ̀ngàn abẹ́ ilẹ̀ là sílẹ̀ gbayawu, ẹyìn ọdún kan tú jáde, ó bo odò, odò pupa fòò. Gbogbo ìlú rí ihò. Wọ́n rí ojú èékánná lára ògiri rẹ̀. Wọ́n rí ibi tí ó ti ń ti erùpẹ̀ sómi. Ehoro tó ṣì ń kán tótó-tótó ló yí orin padà. Ẹ gbè é!

Ta ló jìn sí kòtò ara rẹ̀?
*Òkété jìn, Òkété jìn!*
Ta ló fi ẹyìn wẹ̀ lọ́sàn-án?
*Òkété jìn, Òkété jìn!*
Ta ló ní—

"Ẹ gbà mí o!"

Orin dá. Omi ti gbé Òkété lọ sí òdìkejì, ó fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò igi mú, gbòǹgbò náà sì ti ń tú. Ta ni yóò gbà á? Ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́, omi á gbé òun náà lọ. Odò ti fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bèbè tuntun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ọ̀pẹ.

Àwẹ̀ró wo Òkété. Ó rántí ẹrù ẹyìn. Ó rántí "èyí nìkan lẹ rù wá?" Ó rántí o. Ó tún gbọ́ igbe náà. Ó fà sẹ́yìn, ó kọjá ọ̀pẹ, ó yípo, ó sáré. Ó dé etí bèbè, ó fò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó fò! Ó kọjá ẹyìn tó léfòó, ó kọjá òkúta, lékèélékèé tó wà lórí òkúta gbójú sókè wò ó. Eruku ló fi balẹ̀ ní òdìkejì. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni yìn ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi eyín di ìrù Òkété mú, ó fà á gòkè. Òkété wúkọ́, kóró ẹyìn kan jábọ́ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó tún wúkọ́, òmíràn jábọ́ láti ti òsì.

Bàbá Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ gbóhùn sókè láti etí omi lọ́hùn-ún.

"Àwẹ̀ró! Ọmọ mi! Mo ń wò ọ́ o! Mo ń wò ọ́!"

Ó ń sọ ọ́ léraléra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwẹ̀ró náà jókòó sórí ilẹ̀ dúdú, ó sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gé ọparun. Wọ́n fi wọn odò láti orí òkúta dé òdìkejì, bí odò ṣe fẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ń fò ó gan-an. Wọ́n gbé ọparun náà lọ sókè odò, níbi tí omi ti há, wọ́n wá ibi tó bá a mu. Baálẹ̀ ní, "Ó yá, ẹ fò."

Ehoro fò, ó kọjá, ilẹ̀ tún ṣẹ́kù. Ìgalà fò, ó kọjá gan-an, ó lọ fi orí sọ igi. Ọ̀yà pàápàá kọjá! Kò sẹ́ni tó já.

Àgbà kan họ orí. "Ṣé àwa ni ẹsẹ̀ wa wá kúrú láti ilẹ̀ ni?"

Ìyá Àgbà ní, "Kò kúrú. A fo tiwa. Àwọn wọ̀nyí fo tiwọn, wọ́n sì fò jù wá lọ. Kí ló wá ń dùn yín? Ṣebí ẹ̀yin lẹ bí wọn?"

Wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pín ilẹ̀ dúdú fún gbogbo àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Òkété ńkọ́? Òdìkejì ló ṣì wà, kò lè wẹ̀, kò lè fò. Àwẹ̀ró ló gbé e pọ̀n níbi tí omi ti há, ó fi í fo odò padà sílé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Òkété fo Ayẹrí láyé rẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, ojú kò jẹ́ kí Òkété jáde lọ́sàn-án mọ́. Bó bá yọ orí síta, àwọn ọmọ á ní, "Bàbá, ẹ wá fi bí wọ́n ṣe ń tasẹ̀ hàn wá!" Á yára wọlé. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú tí kálukú ti wọlé ló ń jáde wá oúnjẹ. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, eyín rẹ̀ jẹ, kò lè fọ́ ekùrọ́ mọ́, kò sì sẹ́ni tó ń ru ẹyìn wá. Ebi fẹ́ pa á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ ló ṣàánú rẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ súnmọ́ bí." Ó fún un lọ́mú mu pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ títí dòní pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Àlọ́ mi ti balẹ̀ o, ẹsẹ̀ méjèèjì ló fi balẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì kọ̀ láti dún bí mo bá pa wọ́n pọ̀.

Pà! Pà! Pà!

Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́?